Àgọ́ Tí Neville Ń Sùn Sí

Àgọ́ Neville Pekeur ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

Ọ̀sán kan ni, nínú oṣù Kejìlá. Èmi àti màmá mi wà lẹ́bàá odò ní Laaiplek, à ń kọ́ ẹja sórí ìlà. Iṣẹ́ wa nìyẹn. Ẹja kéékèèké tí a ti rì sínú omi iyọ̀, a ó fi abẹ́rẹ́ gba ojú wọn kọjá, a ó so wọ́n ní ìdì-ìdì, a ó sì gbé wọn kọ́ kí atẹ́gùn lè gbẹ wọ́n. Bókọ́mù là ń pè é. Ẹ̀fúùfù gúúsù ti ń fẹ́ látàárọ̀, àwa ò sì kà á sí, nítorí kò sí ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn kan tí kì í fẹ́ ní tiwa.

Ni mo bá rí nǹkan búlúù kan tó ń fò bọ̀ láti ìhà ibùdó àwọn tó ń wá gbafẹ́. Ó fo ọgbà, ó fo ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, ó sì balẹ̀ gbàgà sórí ìlà màmá mi. Gbogbo ẹja ló dà sínú iyanrìn. Ọkùnrin kan ń sáré tẹ̀lé e, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìkejì wà lọ́wọ́.

Màmá mi wo ẹja, ó wo ọkùnrin náà.

"Ṣé ìwọ lo ni aṣọ yìí?"

"Èmi ni, mà. Ẹ má bínú, mà."

"Ará òkè ni ẹ́," ni màmá mi wí. Lójú tirẹ̀, ẹnikẹ́ni tí kì í gbọ́ ìró òkun láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ará òkè ni.

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹja wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ẹnu fẹ́ iyanrìn kúrò lójú wọn, àfi bíi pé wọ́n ṣì lè ríran. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ó gbójú sókè wò mí. Oòrùn ti bó imú rẹ̀. Mi ò ní parọ́, ọkùnrin náà wù mí láti ìgbà yẹn, pẹ̀lú imú bíbó náà.

Mo bá a gbé àgọ́ padà, níbẹ̀ ni mo sì ti rí àṣìṣe rẹ̀. Ilé onítáyà kan tó ti gbó ló fi mọ́tò fà wá láti Worcester ìlú rẹ̀ lókè, irú èyí tí wọ́n ń sùn sí bí wọ́n bá rìnrìn àjò, ó sì so àgọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n gúúsù ló kọ ilẹ̀kùn sí gan-an, sí ẹnu odò, kó lè máa wo àwọn ọkọ̀ apẹja tó ń wọlé bó bá ń mu kọfí. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ìlú wa kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí atẹ́gùn níbí. Ẹ yí i padà."

Ó ní bóun bá yí i padà, ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lòun á máa wò. Mo ní á máa wo àgọ́ rẹ̀ náà pẹ̀lú, ní odindi. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò. Èmi dúró lẹ́yìn, mò ń fọwọ́ júwe fún un, sọ́tùn-ún, sósì, díẹ̀ sí i, títí ilé náà fi kọ̀yìn sí gúúsù. Ìfẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí n má tan yín.

Ibùdó yẹn, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, aláwọ̀ funfun nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Màmá mi ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba yí padà ni irú àwa bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilé onítáyà wá láti òkè, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ ohun tí atẹ́gùn wa lè ṣe. Bàbá Neville ló ra tirẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sì kú kó tó fà á jáde kúrò nínú ọgbà. Neville ní òun kàn fẹ́ kí ilé náà rí òkun ni.

Ó padà wá nígbà Àjíǹde. Ó tún wá lẹ́yìn ìyẹn, títí gbogbo ìsinmi fi di ti Laaiplek. Ilé iṣẹ́ tó ń di èso sínú agolo ló ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, àwọn agolo písì tó ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló sì máa ń kó wá fún wa. Ó máa ń pè mí ní "ẹyẹ òkun mi". Èmi tí mo ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, tí mo rò pé ẹja nìkan ni màá máa fọwọ́ kàn títí ayé, inú mi a máa dùn bíi ti ọmọdé.

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bi í léèrè kí ló fẹ́ fi obìnrin tó ń rùn bí ẹja ṣe. Ó ní òun náà ti ń rùn bẹ́ẹ̀ báyìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ti dọ́gba.

Nílé wa, ọkùnrin kì í bá obìnrin sọ̀rọ̀ ìfẹ́ tán kó kàn máa mú un lọ. Ó gbọ́dọ̀ wọ kóòtù, kó wá ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, kó jókòó ní pálọ̀, kó sì fẹnu ara rẹ̀ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ àwọn òbí. Neville wá. Kóòtù dúdú bàbá rẹ̀ ló wọ̀, apá rẹ̀ sì kúrú díẹ̀. Màmá mi fún un ní kọfí àti kéèkì, ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ parí. Àǹtí Dora, ẹ̀gbọ́n màmá mi, ti ń mi orí bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Màmá mi wá sọ pé, "Ọ̀rọ̀ ẹ dára. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo máa bi. Merle ní bàbá."

Mo wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàbá mi, Gert Afrika, gòkè lọ sí Port Nolloth, lápá àríwá etí òkun, láti lọ bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ àwọn tó ń wa dáyámọ́ǹdì lábẹ́ omi. Ó ní ẹ̀ẹ̀rùn kan péré lòun máa lò. Ó ránṣẹ́ sí wa níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá kò ránṣẹ́ mọ́. Àwọn kan ní ó ti kú, àwọn mìíràn ní ó ti rí obìnrin mìíràn. Màmá mi kò bá wọn jiyàn. Kò bọ́ òrùka rẹ̀ rí.

Àǹtí Dora ni kò lè pa á mọ́ra. Ó ní, "Sofie, bí Gert ò bá tíì kú, ó ti dà bí òkú. Jẹ́ kí ọmọ yìí rílé ọkọ."

"Kò kú. Ẹ lọ bi í. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Tó bá ní rárá, rárá náà nìyẹn."

Mo rò pé Neville á gbé fìlà rẹ̀, á máa lọ. Ó gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kò burú, a ó fi ilé onítáyà tẹ̀ lé etí òkun lọ títí a ó fi rí bàbá. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́ẹ̀kan náà.

Màmá mi kò tíì parí. Ó ní, "Merle á sùn nínú ilé. Ìwọ á sùn nínú àgọ́ yẹn, títí bàbá ẹ̀ á fi sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àǹtí Dora rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí etí òkun wa máa ń fi ojú àgọ́ rí.

Ní àárọ̀ tí a fẹ́ gbéra, màmá mi fún mi ní ìdì bókọ́mù kan tó fi bébà dì. Ó ní kí n fún bàbá mi, kí n má sọ nǹkan kan. Mo bi í bóyá ó ní iṣẹ́ kankan tó fẹ́ rán mi. Ó ní iṣẹ́ náà nìyẹn.

A kọ́kọ́ dúró ní Elands Bay. Neville kan èèkàn mọ́lẹ̀ jinlẹ̀, ó so okùn mọ́ táyà, ó kó òkúta lé etí àgọ́. Síbẹ̀, aṣọ náà ń lu ara rẹ̀ gbì gbì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní àárọ̀, etí rẹ̀ kún fún iyanrìn. Mo gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi, mo fi aṣọ tútù nu etí rẹ̀, ó di ojú, ó ní bóun bá mọ̀ pé báyìí ló máa rí, òun ì bá ti bẹ atẹ́gùn kó fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo èbúté tí a dé la ti ń béèrè Gert Afrika. Ní Lambert's Bay, níbi tí òórùn ìgbẹ́ ẹyẹ kò jẹ́ ká lè jẹun, bàbá àgbà kan ní òun mọ Gert kan tí ohùn rẹ̀ wúwo nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ní ó ti pẹ́, pé ìhà Port Nolloth ló gbà lọ. Mo rántí ohùn yẹn láti ẹ̀yìn ògiri nígbà tí mo wà ní kékeré.

Àwọn obìnrin tó wà nínú àwọn ilé onítáyà yòókù máa ń wò wá. Bí wọ́n bá rí Neville tó ń jáde láti inú àgọ́ ní àárọ̀, tí èmi ń ti inú ilé jáde, wọ́n á rò pé a ti jà. Ọ̀kan tilẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n dárí ji ọkọ mi, atẹ́gùn yìí ti pọ̀ jù.

Bí a ti ń gòkè sí i ni ilẹ̀ ń gbẹ sí i, tí ilé ń dín kù, tí atẹ́gùn sì ń le. Ẹ̀rín wa náà ń dín kù. Èmi ni mo fa èyí tó pọ̀ jù. Bí mo ti ń sún mọ́ bàbá mi ni mò ń rò ó pé ojú ọ̀nà yìí kan náà ló gbà lọ, àti pé òun náà ti pe màmá mi ní orúkọ dídùn nígbà kan. Neville sì fẹ́ mú mi lọ sí Worcester. Kí ló máa dá òun náà dúró tó bá sú u?

Hondeklipbaai ni àgọ́ ti ya. Oòrùn ń wọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí aṣọ náà ké ràà láti òkè délẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn. Neville dúró síta, ó di apá kan àgọ́ mú, apá kejì ń na òfuurufú. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun fún iyanrìn.

Mo ní, "Wọlé, Neville."

"Mo ṣèlérí."

"Màmá ò sí níbí."

"Mo mọ̀."

Ojú tì mí. Obìnrin tó ti dàgbà tó mi ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin, ọkùnrin náà sì yan iyanrìn. Ìtìjú yẹn ló di ìbínú. Mo bi í pé ṣé èmi ló fẹ́ fẹ́ ni àbí màmá mi.

Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Tí mo bá wọlé nísinsìnyí, inú ẹ á dùn. Lọ́la wàá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ẹni tó lè yẹ àdéhùn màmá ẹ lè yẹ tìẹ náà. Mo ti ń rí i lójú ẹ láti Lambert's Bay, pé ò ń dúró dìgbà tí màá já ẹ kulẹ̀."

Mo ti ilẹ̀kùn pa. Òótọ́ ló sọ, ìdí tí inú fi bí mi nìyẹn. Mo sunkún dáadáa. Láti ojú wíńdò, mo rí i tó wọ́ àgọ́ tó ya náà sí ẹ̀yìn táyà, tó fi bora, tó ká ara jọ.

Ní àárọ̀, ó tọrọ okùn ìpẹja lọ́wọ́ ẹnì kan, ó fi rán an. Ìránkúrán ni. Mo rí i pé kò mọ̀ ọ́n rán, èmi tí mo mọ̀ ọ́n rán kò sì bá a rán an. Bí mo ṣe burú tó lọ́jọ́ náà nìyẹn.

A gbéra láìsọ̀rọ̀. Ní ọ̀nà kan tí kò ní ilé kankan, atẹ́gùn gbá ilé onítáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó ń fa mọ́tò tẹ̀lé ara rẹ̀. Mo rí i pé a ti fẹ́ dojú dé. Neville kò tẹ bíréèkì. Ó di ọwọ́ ìdarí mọ́tò mú gírígírí, ó jẹ́ kí mọ́tò máa rọra dín eré kù títí gbogbo rẹ̀ fi tún tọ́. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Níbẹ̀ ni mo ti bi í. Mo ní, "Tó o bá mú mi lọ sókè, tí nǹkan bá yí padà ńkọ́? Ṣé màá tún fojú rí màmá mi?"

Ó na ìka sí ẹ̀yìn wa.

"Merle, ilé tí mo ní, ó ní táyà. Ìgbàkígbà tó o bá fẹ́, màá fà ẹ́ wá."

Ẹ̀rín àti ẹkún bá mi pọ̀. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo tọrọ àforíjì. Ó ní ẹyẹ òkun òun ti padà dé. Síbẹ̀ ọkàn mi kò tíì balẹ̀, nítorí Port Nolloth ló kù.

Kùrukùru bo ìlú náà nígbà tí a dé, òtútù sì mú. Mo ti rò pé a máa wá bàbá mi títí ni. Ẹni àkọ́kọ́ tí a bi ní èbúté ló nawọ́ sí ilé aláwọ̀ ìyeyè kan. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Gert? Ó wà nílé." Èyí dùn mí ju gbogbo nǹkan lọ. Láti ọdún yẹn wá, ìbéèrè kan ṣoṣo, pé ibo ni Gert wà, ló wà láàárín àwa àti òun, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì béèrè rẹ̀.

Neville ní òun ní láti wọ kóòtù. Mo jáde kúrò nínú ilé onítáyà, mo dúró sínú atẹ́gùn kó lè wọlé múra. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ inú ilé ara rẹ̀ láti ìgbà tí a ti kúrò nílé nìyẹn tí kì í ṣe láti gbé ìkòkò.

Bàbá mi ti kéré. Sálúbàtà ló wọ̀ àti súẹ́tà tí bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti já. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Katriena, ẹni jẹ́jẹ́, ló ṣílẹ̀kùn fún wa tó sì gbé tíì wá. Bàbá mi kò dá mi mọ̀. Nígbà tí mo dárúkọ ara mi, ó wá àga jókòó.

Fọ́tò kan wà lára ògiri. Bàbá mi ni, nínú kóòtù, ó di ọwọ́ ìyàwó kan tó wọ aṣọ funfun mú, wọ́n ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Katriena rí ibi tí mò ń wò. Ó ní ọmọ àwọn ni, pé èṣín ló lọ́kọ. Mo ní ó rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́, imú mi ló ní.

Mo gbé ìdì màmá mi fún bàbá. Ó tú bébà, òórùn Laaiplek sì gba pálọ̀ náà kan. Kò fọwọ́ kan ẹja. Ibi tí okùn ti so ló ń fi ìka pa.

Ó ní, "Ọwọ́ òsì ló ṣì fi ń so ó." Omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Katriena ṣàlàyé fún mi, bíi pé òun ló jẹ̀bi, pé dókítà ti ní kó má jẹ iyọ̀ mọ́. Bàbá mi gbé ẹja náà lé orúnkún, kò jẹ ẹ́, kò sì gbé e sílẹ̀.

Neville dìde. Ó de bọ́tìnnì kóòtù, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní òun fẹ́ràn mi, òun sì wá tọrọ mi lọ́wọ́ ẹni tó bí mi. Ó sọ ọ́ dáadáa. Mo mọ̀ pé ó ti ń kọ́ ọ sórí nínú àgọ́.

Bàbá mi ju ọwọ́ bíi pé kò tó nǹkan. Ó ní, "Mú un, ọmọ mi. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mú un. Ọlọ́run á bù kún yín." Ó wá bi wá bóyá a ó mu tíì sí i.

Ọ̀rọ̀ tí a torí rẹ̀ rìn nìyẹn. A ti gbà á. Mo dúró kí inú mi dùn, kò dùn. Bí ẹni ń yáni ní àga lásán ló ṣe fi mí tọrẹ. Mo rántí màmá mi tó ń gbálẹ̀ ibùdó àwọn aláwọ̀ funfun kí n lè lọ síléèwé.

Mo ní, "Bàbá, mi ò gbà á."

Neville yíjú sí mi. Bàbá mi náà gbójú sókè.

"Ẹni tó tọ́ mi wà ní Laaiplek, ó ń retí yín. Èmi ò lè gba èyí lọ fún un. Tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ fún òun fúnra rẹ̀, ẹ sọ ọ́, màá jẹ́ ẹ."

Katriena ti gbé àwo tíì sílẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹnì kan ṣì ń retí ọkùnrin yìí.

Bàbá mi wá ní, "Sọ fún Sofie kó má dúró dè mí mọ́."

Nínú mọ́tò, Neville bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká a sẹ́yìn. Kò bínú sí mi. Ó kàn ní ṣé mo mọ̀ pé màmá mi lè ní rárá báyìí. Mo ní mo mọ̀. Ó ti wá sí mi lọ́kàn pé a kàn lè sọ pé bàbá gbà, kì í sì í ṣe irọ́. Mo wo ojú Neville, mo rí i pé ó ti wá sí òun náà lọ́kàn, kò sì jẹ́ sọ ọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi tí àyà ń dùn mí. Atẹ́gùn kọjú sí wa ní gbogbo ọ̀nà padà, mọ́tò ń mí gúlegúle, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ìgbà ìkẹyìn tí èmi àti òun máa jọ rìn nìyí.

Màmá mi wà nídìí ìlà nígbà tí a dé. Kò sáré wá pàdé wa. Neville fẹ̀yìn wọ inú ọgbà wa, mo fọwọ́ júwe fún un, ó kọ ẹ̀yìn ilé onítáyà sí gúúsù, ó kọ ilẹ̀kùn sí ilé ìdáná màmá mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó sì tún ta àgọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú ìránkúrán rẹ̀, nítorí bàbá mi ti sọ̀rọ̀, àmọ́ màmá mi kò tíì sọ̀rọ̀.

Mo lọ bá màmá mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ilé ìyeyè, Katriena, fọ́tò. Ó ń so ẹja lọ.

Mo ní, "Ó gbà, Màmá. Èmi ni mi ò gbà lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó mú ẹja mìíràn. Mo tún ní,

"Ó ní kẹ́ ẹ má dúró de òun mọ́."

Abẹ́rẹ́ gba ojú ẹja kan, ó gba ojú òmíràn. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá bàbá mi jẹ ẹja náà. Mo ní dókítà kò jẹ́ kó jẹ iyọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé Màmá ló so ó, ó ní ọwọ́ òsì ló ṣì fi ń so ó. Ọwọ́ màmá mi dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Neville ti jáde, kóòtù dúdú wà lọ́rùn rẹ̀, atẹ́gùn ń gbé etí rẹ̀ sókè. Àǹtí Dora náà ti dé ẹnu ọ̀nà. Neville dúró níwájú màmá mi bí ọmọ iléèwé.

"Mà, mo tún wá tọrọ. Ọwọ́ yín ni mo ti ń tọrọ báyìí."

Màmá mi wò ó, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó dìde lọ síbi àgọ́. Ó fi ìka tọ ojú rírán náà láti òkè délẹ̀.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ó burú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ibo ló ti ya?"

"Hondeklip, mà."

"Ibo lo wá sùn?"

"Abẹ́ ẹ̀ náà ni, mà. Mo fi bora."

Màmá mi yíjú sí mi. Ojú yẹn, láti kékeré ni n kì í ti í lè parọ́ níwájú ẹ̀. Ó ní, "Merle, ṣé o pè é wọlé?"

Àǹtí Dora ń wò mí.

"Mo pè é, Màmá."

"Ó wọlé?"

"Kò wọlé."

Àǹtí Dora kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Màmá mi ní kí n lọ mú abẹ́rẹ́ ńlá àti okùn wá. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé onítáyà, ó fa àgọ́ náà sórí ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo ohun tí Neville rán. Lẹ́yìn náà ó tún un rán, lọ́nà méjì, bí wọ́n ṣe máa ń rán ìgbòkun.

Okùn ń kọ́ òrùka rẹ̀. Ó yí òrùka náà, ó rán díẹ̀, okùn tún kọ́ ọ. Ó tún yí i. Nígbà tó tún kọ́, ó fi itọ́ sí ìka rẹ̀, ó fà á títí ó fi bọ́, ó gbé e sórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń rán lọ.

Neville ṣì dúró nínú kóòtù. Màmá mi kò gbójú sókè.

"Jókòó jàre. Àbí bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe dúró dọjọ́ ìgbéyàwó?"

Neville jókòó sórí ilẹ̀ gbalaja nínú kóòtù bàbá rẹ̀. Mo bo ojú mi. Mo gbọ́ tí Àǹtí Dora ń fẹ imú rẹ̀ sínú épírọ́ọ̀nù.

Nígbà tí màmá mi rán an tán, ó fi eyín gé okùn, ó fa aṣọ náà wò, ó ní ibi yẹn kò ní ya mọ́, kódà títí dé Worcester. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára yẹ̀rì rẹ̀. Mo rí òrùka náà lórí àtẹ̀gùn, mo mú un, mo sáré tẹ̀lé e.

"Màmá, òrùka yín."

Ó wò ó lọ́wọ́ mi.

"Gbé e síbìkan," ló wí. "Ó ń dí mi lọ́wọ́ iṣẹ́."

Ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀.